Ìlà Kejì

Ìlà kejì yọ. Ó kọ́kọ́ rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìgbà tí yíǹkì bírò fẹ́ tán, ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti pọ́n kedere. Nọ́ọ̀sì bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi tíṣù wé ìrépé bébà náà, ó sì tì í bọ àpò ẹ̀wù funfun rẹ̀ bí olè.

Yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì náà kò gbà ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Gbogbo dírẹ́bà ló ti buwọ́ lùwé pé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ àwọn wò fún ọtí àti oògùn olóró. Ìyẹn kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ta ni kò fẹ́ kí ojú ẹni tó ń wa òun dá? Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, máníjà fa nọ́ọ̀sì sí kọ̀rọ̀, ó ní kó máa ki bébà mìíràn bọ ife ìtọ̀ àwọn obìnrin, èyí tó ń fi oyún hàn. Ó ní ẹni tó bá lóyún yóò gba ìsinmi, bọ́ọ̀sì kì í sì í gba ìsinmi. Nọ́ọ̀sì ní àwọn obìnrin náà kò buwọ́ lu ìyẹn. Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi í bóyá iṣẹ́ ti sú u ni. Láti ìgbà náà, obìnrin méjì ti gba lẹ́tà pé ilé iṣẹ́ ń dín òṣìṣẹ́ kù. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọkùnrin méjì ti jókòó sídìí ọkọ̀ wọn.

Ti òní tún le. Jẹ́jẹ́ ló ni ife náà, dírẹ́bà tí wọ́n sọ lórúkọ yẹn nítorí pé ó ń wa bọ́ọ̀sì bí ẹni gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nílé ọkọ, kò tíì pọn ọmọ tirẹ̀ rí. Yàrá yìí ló máa ń jókòó sí bí inú bá ń run ún, táá máa fi ìyá ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ìyá náà ti wo ikùn òun títí, ikùn ti ń tijú.

Ó yọjú báyìí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo yege?”

“O yege. Ọtí ò sí, oògùn ò sí.”

“Àárẹ̀ ló kàn ń ṣe mí láti ìjẹta.”

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀. Ó ń rò ó pé òun yóò sọ bébà náà nù, òun kò ní kọ nǹkan kan. Jẹ́jẹ́ kò tíì rìn jìnnà tí máníjà fi wọlé. Kò béèrè ohunkóhun, ó kàn tẹ́ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì wo àtẹ́lẹwọ́ náà títí, lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ bọ àpò.

Ní ọjọ́ kẹta, Jẹ́jẹ́ padà wá tòun ti lẹ́tà. Ó jókòó.

“Ẹ ní mo yege.”

“O yege.”

“Kí ni wọ́n wá rí?”

Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn. “Oyún ni wọ́n rí.”

Jẹ́jẹ́ kò sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò fò fáyọ̀. Ó gbé ọwọ́ kan lé ikùn, èkejì kò sì ju lẹ́tà sílẹ̀.

“Ta ló kọ́kọ́ mọ̀?”

“Èmi. Lẹ́yìn náà, máníjà.”

“Máníjà mọ̀ ṣáájú ọkọ mi.” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé tí kò yé e. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Jẹ́jẹ́ kò dúró gbọ́ ọ tán.

Ọ̀rọ̀ náà kò pamọ́. Nígbà tí àyẹ̀wò tún dé, dírẹ́bà obìnrin kan, alẹ́nu-dídùn tí gbogbo èrò mọ̀, wọ ilé ìtọ̀, ó sì jáde wéré. Nọ́ọ̀sì gba ife. Ó tutù. Ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára ènìyàn kì í tutù. Bí obìnrin náà sì ti fara ti tábìlì, òórùn ọtí gba yàrá kan.

“Ife yìí tutù, àbúrò.”

“Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀, mà. Ó mọ́.” Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò gbé e kúrò lójú nọ́ọ̀sì. “Bí ẹ bá ní kí n tọ tèmi, ṣé bébà kan lẹ máa kì bọ̀ ọ́ ni, àbí méjì?”

Máníjà ń dúró lójú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì gbé ife tútù náà sórí tábìlì. Ó ki bébà méjèèjì bọ ife. Méjèèjì mọ́. Ó kọ “ó yege” sínú fọ́ọ̀mù, ó buwọ́ lù ú.

Níta, èrò ti tò sídìí bọ́ọ̀sì. Obìnrin náà gbá ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tàsé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ó tún un gbé, ó gòkè. Àwọn èrò tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i.