Ike Ṣúgà Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ ti fura, ẹ ò sì ṣì í: bàbá yìí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan, tó ń fọ ìgò tí àwọn olùkọ́ bá lò tán. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, ó dúró nídìí síǹkì, ó ń da omi ṣúgà inú ike kan nù. Ike náà ṣì ń hó bí ẹmu, ṣùgbọ́n ìhó rẹ̀ ti ń falẹ̀ bí arúgbó tó ń wá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ìyẹn kò yẹ lójú àlejò. Alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ẹja nínú ilé ń bọ̀ láago mẹ́rin wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó lè fi kọ́ àwọn yòókù.

Iṣẹ́ náà kò le. Ṣúgà, yíìsì tó ń mú búrẹ́dì wú, àti omi nínú ike. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ọmọrí ike kọjá sínú àpótí gíláàsì tí ẹja wà. Yíìsì á jẹ ṣúgà, á máa tu irú afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí síta, ewéko inú omi á sì máa fi í ṣara rindin. Ọdún mẹ́rin ló ti ń po ó, ewéko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, nígbà tí tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ́wé. Àṣírí òun, bó ṣe máa ń wí, ni omi híhó: òun ló ń yọ́ ṣúgà dé egungun.

Bó bá po ó tán, ìyàwó rẹ̀ á ní, “Ọkọ mi, ẹ lọ sùn díẹ̀, ẹ ti ṣiṣẹ́.” Á sì lọ sùn. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ara rẹ̀ ló máa ń fi òwe yìí bá wí kí oorun tó gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló po ike tó kẹ́yìn yìí, tó sì lọ sùn. Nígbà tó jí, ìyàwó rẹ̀ ti ṣubú sílẹ̀ nílé ìdáná, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tíì ló fẹ́ pò, ọkọ rò. Kò lo ọjọ́ méjì ní ọsibítù tó fi kú.

Látìgbà tí wọ́n ti sin ín, iwájú àpótí gíláàsì ni bàbá ń jókòó sí. Ìhó á gòkè láàárín ewé, òmíràn á tẹ̀ lé e, àyà rẹ̀ á sì fúyẹ́ díẹ̀. Nǹkan kan ṣì ń mí nínú ilé yìí, iṣẹ́ ọwọ́ òun sì ni.

Ó po tuntun, ó dé ọmọrí rẹ̀ pinpin. Ọ̀sán pọ́n, kò hó. Ó yẹ rọ́bà wò, ó tún fi gúlù lẹ ọmọrí ike. Aago mẹ́ta lù, kò hó.

Ọmọbìnrin rẹ̀ wà nítòsí, ó ń ká aṣọ ìyá rẹ̀ sínú àpò.

“Yíìsì tí màmá rẹ rà ló bàjẹ́,” ni bàbá wí. “Mo máa ń sọ fún un pé kó wo ọjọ́ tó wà lára páálí. Kì í gbọ́.”

Ọmọ náà gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá, yíìsì ò bàjẹ́. Ẹ sè é ni.”

“Mo se kí ni?”

“Nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Omi híhó ń pa á. Bí ẹ bá ti sùn, Mọ́mì á da tiyín nù, wọ́n á fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ po òmíràn. Gbogbo ìgbà ni. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ, pé inú yín máa ń dùn.”

Bàbá béèrè ẹni tó po èyí tó kẹ́yìn, tí òun dà nù láàárọ̀.

“Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà,” lọmọ wí. “Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀.”

Bàbá rántí ṣíbí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí ife. Kò sí ife kankan nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Alága kan ilẹ̀kùn. Bàbá ti wà nídìí síǹkì, ó ti ìka bọ ojú ihò tí omi ń gbà lọ, ó ń wá bóyá omi ṣúgà tí ìyàwó rẹ̀ pò gbẹ̀yìn ṣẹ́ kù. Ó ti gbẹ. Láàárọ̀, omi híhó ló fi ṣan síǹkì náà, lẹ́ẹ̀mejì.