Bàtà Ìmúròde fún Ẹsẹ̀ Afínjú

Obìnrin tíṣà ìṣirò kan wà tó jẹ́ pé, lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó ń múnú rẹ̀ dùn tó kó jókòó ti bàtà àlòkù. Kì í ṣe bàtà obìnrin o. Bàtà awọ táwọn ọkùnrin fi ń ròde ni, olókùn àti aláìlókùn. Lọ́jọ́ Sátidé, bó bá ti fọ aṣọ tán, á tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì ẹ̀yìnkùlé, á to búrọ́ọ̀ṣì, agolo pólíṣì, àkísà funfun àti téèpù rẹ̀ kalẹ̀, á wá gbé bàtà kan lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Á fi aṣọ tútù nu eruku ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ wò bóyá ìṣó kan yọrí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó kan pólíṣì, díẹ̀díẹ̀, róbótó róbótó, títí awọ tó ti gbẹ bí èèpo igi á fi dán, tí fèrèsé ilé á máa hàn nínú imú bàtà.

Síbẹ̀, dídán yẹn kọ́ lolórí ayọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n ni. Ó máa ń sọ pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sínú bàtà, irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bàtà tẹ́nì kan ti wọ̀ fọ́dún márùn-ún ti gba ìwà ẹsẹ̀ ẹni náà. Torí náà, á ti igi pẹlẹbẹ kan bọ inú bàtà, á fi pẹ́ńsù sàmì sí i, á fi téèpù wọn gígùn àti fífẹ̀, á kọ ìwọ̀n tòótọ́ sínú bébà kékeré, á sì ki í bọ inú bàtà náà. Kì í tà wọ́n. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bá a mu ló máa ń fún. Báyìí ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì iléèwé ṣe di ẹni tó ń wọ bàtà tó dán ju ti ọ̀gá àgbà lọ.

Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í yé fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàtà ọkùnrin kún ilé ẹ, ọkùnrin fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Á ní, "Bàtà kì í hanrun ní tiẹ̀."

Ọkùnrin kan ṣáà wà nílé náà báyìí. Bàbá rẹ̀ ni. Ogójì ọdún ni Bàbá fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà táwọn awakọ̀ yòókù ń fi sálúbàtà tẹ bíréèkì, bàtà awọ dúdú ni tiwọn, àkísà ìnubàtà kò sì fìgbà kan kúrò lábẹ́ ìjókòó wọn. Ìdí nìyẹn táwọn ẹgbẹ́ wọn fi sọ wọ́n ní Afínjú. Àmọ́ àtọ̀gbẹ kò mọ afínjú. Egbò kékeré kan tí wọn ò fura sí bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì, kó sì tó di pé ẹnikẹ́ni mọ bó ṣe jẹ́, dókítà ti gé ọmọ ìka méjì kúrò. Tíṣà, tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ló lọ kó wọn wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Bàbá kò jẹ́ kó rí ẹsẹ̀ náà. Fúnra wọn ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á wá wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lé e. Bàtà rọ́bà fẹ̀ǹfẹ̀ kan tí ilé ìwòsàn fún wọn nìkan ló gbà á, Afínjú sì ti búra pé rọ́bà kò ní gbé òun dé ojú títì. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ ilé ìwòsàn, wọn kì í kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ wọn àtìgbà èwe, Télọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù sí ìparí àdúgbò yẹn gan-an, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Télọ̀ wá kí wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Bàbá ṣẹ́jú sí ọmọ wọn láti inú yàrá, tí ọmọ á lọ sọ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Wọ́n ń sùn, sà." Lẹ́ẹ̀karùn-ún, Télọ̀ wo Tíṣà lójú.

"Ọmọ mi, oorun oṣù méje? Tó bá jí, bá mi sọ fún un pé mo ṣì wà láyé o."

Ojú ti Tíṣà. Lọ́jọ́ náà ló gbé téèpù rẹ̀ wọ yàrá bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n wọn ẹsẹ̀ yín."

"Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ìṣirò," ni Bàbá wí, wọ́n sì kọjú sí ògiri. "Lọ wọn tàwọn ọmọ iléèwé yín."

Tíṣà kò jà. Ó yọ́ lọ mú ògbólógbòó bàtà kan tí Bàbá ń wọ̀ kí àìsàn tó dé, ó wọ̀n ọ́n, ó sì fi èyí méfò. Nínú bàtà tó wà nílẹ̀, ó rí dúdú kan, olókùn, tí awọ rẹ̀ ń mu pólíṣì bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́. Ó ṣe é fún Sátidé méjì gbáko. Ó ki òwú sí ibi tí ọmọ ìka kò sí, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń ti iléèwé bọ̀, ó gbọ́ kò, kò, kò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ni! Wọ́n ti wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀, wọ́n ń lọ sókè sódò, wọ́n ń kọrin lábẹ́ ètè, wọ́n ń yíjú wo gìgísẹ̀ ara wọn bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ rí àfẹ́sọ́nà. Tíṣà dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò fẹ́ wọlé kó má baà bà á jẹ́. Omi lé ròrò sí i lójú.

Bàbá kò bọ́ bàtà náà títí di àkókò oúnjẹ alẹ́. Ìgbà tí wọ́n bọ́ ọ, ìbọ̀sẹ̀ ti rin fún ẹ̀jẹ̀.

"Bàbá!"

"Kí ló dé?" Bàbá wo ilẹ̀, ẹnu ya àwọn náà. "Mi ò mọ nǹkan kan lára o. Òótọ́ ni mo ń sọ."

Ìgbà náà ni Tíṣà kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ náà. Ó rí ojú ibi tí wọ́n gé, tó ti jinná, tó ń dán yinrin. Ó rí ìléròrò ńlá tó ti bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bu omi, ó sì rọra fọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wo ẹsẹ̀, ó wo bàtà tí wọ́n gbé wá, ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló wá bàtà yìí fún yín, Bàbá?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Èmi ni, mà," ni Tíṣà gbà á lẹ́nu wọn.

"Ṣé ẹ wọn ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá bàtà ni, àbí ẹ kàn méfò?"

"Mo méfò ni, mà."

"Tíṣà ìṣirò!" Nọ́ọ̀sì, tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi orí títí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ wò ó, mi ò ní kí wọ́n má wọ bàtà. Àmọ́ ẹsẹ̀ wọn kò mọ ìrora mọ́. Ojú ni kẹ́ ẹ máa fi bá a mọ̀ ọ́n. Inú bàtà gbọ́dọ̀ rọ̀, ó gbọ́dọ̀ fẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ní ojú rírán tó máa ha wọ́n lára."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni egbò náà gbà kó tó jinná. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Tíṣà kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Ó di gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Sátidé á dé, á jókòó, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá mi, mi ò gbọ́ òórùn pólíṣì mọ́ nínú ilé yìí. Kí ló dé?"

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ẹsẹ̀ yín jẹ́, Bàbá mi."

"Ìwọ kọ́." Wọ́n wá àga kan, wọ́n rọra jókòó. "Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ pamọ́. Bí ẹnì kan bá gbé ọkọ̀ fún mẹ́káníìkì, tó ní kó má ṣí iwájú rẹ̀ wò, ṣé mẹ́káníìkì la máa bá wí?" Wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì lé orí àpótí níwájú rẹ̀. Ojú òfuurufú ni wọ́n ń wò. "Ó yá. Wọ̀n ọ́n kí n tó yí ọkàn padà."

Tíṣà sáré lọ mú bébà. Ó ní kí Bàbá dìde dúró lé e, nítorí ẹsẹ̀ máa ń tẹ́ sí i bí ara bá dúró lórí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé ọ̀sán ni, ìgbà tí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan po. Bó ṣe dé ibi tí ọmọ ìka kò sí, ó rọra lọ, kò sì yára kọjá níbẹ̀. Bàbá ní, "Ó ń rìn mí bí èèrà, ẹ̀rín fẹ́ pa mí," àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, nítorí ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kò mọ nǹkan kan ṣì mọ ìyẹn.

Ìwọ̀n náà fi hàn pé gbogbo ohun tó rò tẹ́lẹ̀ ló tàsé. Ẹsẹ̀ òsì kúrú lóòótọ́, àmọ́ ó fẹ̀ ju ọ̀tún lọ dáadáa. Ó gbé bébà méjèèjì dání lọ sí ìsọ̀ àwọn aláṣọ bọ̀síkọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta bàtà àlòkù, ó ń tẹ́ wọn sínú bàtà kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló tó rí ọ̀kan: pupa rúsúrúsú, imú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, awọ rẹ̀ rọ̀ bí etí.

Bàbá wò ó títí. "Èyí kì í ṣe bàtà. Ọkọ̀ ojú omi ni."

"Ẹ jẹ́ ká kùn ún ní pólíṣì ná."

Aránbàtà kan bá wọn tú ojú rírán tó le nínú rẹ̀, ó fi awọ múlọ́múlọ́ bò ó. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ gé fóòmù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá kan pólíṣì, Bàbá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ wọn. "O ń fi agbára ṣe é jù. Mí sí i, bí ẹni ń mí sí dígí, kó o wá fi òwú nù ún." Wọ́n ṣe é títí ọkọ̀ ojú omi náà fi di ohun tí ọba lè wọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bọ́ ọ, Tíṣà yẹ ẹsẹ̀ wò. Ọjọ́ kejì, ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó di ìdajì wákàtí, ara ẹsẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Bàbá wẹ̀, wọ́n fá irùngbọ̀n, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ń lọ kí Télọ̀."

"Kí n tẹ̀ lé yín?"

"Ṣé ọmọ jẹ́léósinmi ni mí?"

"Ìdajì wákàtí o, Bàbá mi. Kẹ́ ẹ bọ́ ọ, kẹ́ ẹ wò ó."

Tíṣà jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó ka ìdajì wákàtí tán, ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún lé e, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó gba ojú ọ̀nà lọ.

Láti ìta ṣọ́ọ̀bù ló ti gbọ́ ohùn Télọ̀. "Nítorí èyí? Nítorí ọmọ ìka méjì péré lo ṣe ń sá fún mi?"

Ó yọjú. Bàbá jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, bàtà òsì wà lórí tábìlì ìgéṣọ láàárín àwọn àjákù aṣọ, ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì wọn wà lórí itan Télọ̀, ní gbangba, nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Télọ̀ ti wọ awò ojú tí wọ́n fi ń ránṣọ, wọ́n ń yẹ ẹ́ wò bí ẹni ń wá ibi tí okùn ti já.

"Tíṣà, wọlé," ni Télọ̀ wí láìgbójú sókè. "Bàbá ẹ ní kí n bá òun wo abẹ́ ẹ̀, ẹ̀yìn ń dun òun, òun ò lè tẹ̀ dé ibẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan o."

Tíṣà kúnlẹ̀, òun náà wò ó. Kò sí àmì kankan.

"Mo sọ fún un," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́, "pé kò sóorun kankan tí mò ń sùn nígbà yẹn."

"Mo mọ̀," ni Télọ̀ wí. "Mo ń gbọ́ ikọ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé Bàbá gan-an. Tíṣà wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà náà padà fún wọn, ó so okùn rẹ̀, kò le, kò dẹ̀. Bàbá ní kó máa lọ, àwọn á tún bọ́ ọ tó bá tó àsìkò, Télọ̀ ti ní aago. Ó dìde, ó kí wọn, ó jáde. Kó tó rìn jìnnà, àwọn àgbà méjèèjì ti gbé àríyànjiyàn kan dìde lórí ọdún tí wọ́n ṣe ojú ọ̀nà ńlá, ọ̀kan ń pariwo, èkejì ń gbá tábìlì. Tíṣà rọra ń rìn lọ sílé, kó lè máa gbọ́ ohùn wọn títí dé ìkóríta.