Okùn Tí Ìjọ Méjì Jùmọ̀ Fà

Lọ́dún 2004, ọkọ mi, Ọládiípọ̀, fi iṣẹ́ káfíńtà tó ń ṣe ní Ìgbókòdà sílẹ̀, ó padà sílé ní Ìtapàjí. Kò pẹ́ tó fi kan ọkọ̀ ojú omi kan bíi tàwọn Ìlàjẹ, tó ní òpó láàárín àti aṣọ ìgbòkun tí afẹ́fẹ́ ń tì lọ. Òdìkejì omi dáàmù ìlú wa ni oko wa wà, ọkọ̀ náà la sì fi ń sọdá. Wáyà mẹ́rin ló fi de òpó náà mọ́ ara ọkọ̀ kó má baà wó.

Lọ́dún kejì, wáyà dógùn-ún. À ń ti oko bọ̀ lọ́jọ́ kan, mo jókòó sáàárín iṣu, ni ọ̀kan bá já. Òpó wó, aṣọ ìgbòkun bo èmi àti iṣu mọ́lẹ̀.

"Rónkẹ́, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà o! Ṣùgbọ́n láti ọ̀la lọ, ẹsẹ̀ ni n ó máa fi rìn yí omi yìí ká."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àǹtí Felicia, tó ń ta okùn lọ́jà Ìkọ̀lé, ló gbé okùn náílọ́ọ̀nù wá. Ó ní, "Lo èyí. Òun làwọn onítírélà fi ń de ẹrù. Kì í dógùn-ún."

Ọkọ mi fajú ro. "Okùn kẹ̀? Á kàn máa nà ni."

Síbẹ̀ ó lò ó. Láàárọ̀, òpó dúró gbọingbọin. Nígbà tó máa di ọ̀sán tí afẹ́fẹ́ dé, okùn ti dẹ̀, òpó sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tó ń ti ìdí ẹmu bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo sọ àbí n ò sọ?"

"O sọ. Tó bá fẹ́ nà, ẹ jẹ́ ká nà án tán ká tó lò ó."

Ní Sátidé, Àǹtí Felicia kó àwọn akọrin Ìjọ Páàdì rẹ̀, ìyẹn Kátólíìkì, wá sí pápá ilé ìwé, èmi náà pe àwọn akọrin Áńgílíkà wa. Wọ́n di orí kan mú, a di ìkejì mú.

"Uṣẹ́ yá!" ni Àǹtí ké.

A fà, wọ́n fà. Olùkọ́ orin tiwa fi ṣòkòtò funfun jókòó sínú ẹrẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí okùn fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, ọkọ mi á fi ẹsẹ̀ wọn okùn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó gùn sí i ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ní ìkejì, ẹsẹ̀ kan. Ní ìkẹta, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fò sókè.

"Kò nà mọ́! Ẹ̀yin ìyá, kò nà mọ́!"

Ó gé e sí mẹ́rin, ó fi iná jó ẹnu rẹ̀ kó má baà tú. Ibi tí okùn bá ti ń ha igi, ó fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e. Ó wá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń fà á títí ó fi le bí igi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ ọkọ̀. Okùn tí ọwọ́ ara mi fà, báwo ni n ó ṣe sá fún un? Afẹ́fẹ́ kún aṣọ ìgbòkun, ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, òpó kò mì. Ọkọ mi ń súfèé. Oòrùn kò tíì mú tá a fi dé oko, a mú ọkọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè.