Oòrùn Tí Bàbá Angchuk Rí

Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri gbogbo ilé lábúlé wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi bébà gbin ọkà báálì. Òkúta la fi ń gbìn ín. Àwọn baba ńlá wa ló to òkúta ọ̀hún jọ sórí òkè tó kọjú sí wa. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ gan-an lẹ́yìn rẹ̀, bàbá mi, Angchuk, á ké sí abúlé pé ìgbà ìgbìn dé. Ẹnikẹ́ni kì í túlẹ̀ ṣáájú ohùn rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọsánmà tó bá ṣèèṣì yà sí Ladakh, ilẹ̀ olókè wa yìí, lásìkò ìgbìn, àlejò tí kì í sùn mọ́jú ni. Ní báyìí, ó ti di onílé, ọdọọdún ló sì ń pọ̀ sí i. Lọ́dún tó kọjá, ó bo òkè mọ́lẹ̀. Bàbá mi dúró, gbogbo wa dúró, a pẹ́ gbìn, ìrì dídì sì pa ọkà nígbà tí kò tíì gbó. Màlúù la fi bọ́. Ọjà la ti ra ìyẹ̀fun tá a jẹ nígbà òtútù, inú sì ń bí mi títí dòní.

Lọ́dún yìí, àwọsánmà tún dé. Bàbá mi lọ jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, ó ń wòkè. Mo lọ bá a.

"Bàbá, ọjọ́ ti kọjá o."

"Ta ló rí i?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti kọjá."

"Diskit, ohun tójú mi ò rí, ẹnu mi ò ní sọ ọ́. N ò parọ́ oòrùn rí láyé mi."

"Ebi ò ní bi wá léèrè bóyá ẹ rí i."

Ó tún gbójú sókè. Mo padà sílé, mo ní kí Tsewang ọkọ mi so màlúù mọ́ ohun ìtúlẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ó mọ irú obìnrin tó fẹ́. A ò tíì tú poro kan tán tí abúlé fi ya dé, Morup aládùúgbò wa ló ṣáájú wọn.

"Ìyá Oòrùn! Inú ìkòkò tíì lo ti rí i ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi ló ní ká túlẹ̀," ni mo wí. Ojú mi ò yẹ̀.

Àṣé bàbá mi ti wà lẹ́yìn wọn, ó fi ọ̀pá ti ara. Morup yíjú sí i.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ rán an? Ẹ ti rí oòrùn?"

Ó wo ibi tó yẹ kí òkúta wà. Ó wò mí. Ìgbà yẹn ni àyà mi tó já, nítorí bó bá pè mí lónírọ́, kò sẹ́ni tó máa gbìn.

"Mo rí i," ni bàbá mi wí. "Ó ti kọjá òkúta. Ẹ lọ túlẹ̀, kí lẹ ń wò?"

Wọ́n sáré túká. Bàbá mi gba agbọ̀n irúgbìn lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn. Ojú rẹ̀ ò ṣeé wò fún mi.

"Láti ọdún tó ń bọ̀," ó wí, "ìwọ ni kó o máa kéde. Irọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú mi, mo sì ti pa á."