Ara Ò Gbọ́ Faransé

Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Aného, ọmọ tó bá sọ Mina, èdè ilé wọn, dípò Faransé ní kíláàsì, Tíṣà Amegan kì í nà án. Ì bá tiẹ̀ nà án, ì bá sàn! Eegun màlúù kan ló so okùn mọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ Mina lẹ́nu rẹ̀ ni yóò gbé e kọ́rùn, kò sì ní bọ́ ọ àfi tí òun náà bá gbọ́ Mina lẹ́nu ọmọ mìíràn, tó wá gbé e kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Ẹni tí aago ìparí bá lù bá eegun lọ́rùn rẹ̀, ìyẹn gbé. Báyìí ló ṣe sọ gbogbo kíláàsì di ọlọ́fòófó, tí ọ̀rẹ́ ń dẹtí sí ọ̀rẹ́. Ìwà ìkà rèé o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀kọ́ fún yín.

Akofa kì í ṣe olódo. Bó bá ń ka ìwé, Faransé a máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń kó bá a. Wọ́n á há mọ́ra wọn lórí àga gbọọrọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kú, igbe Mina á sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á gbá etí tábìlì, nǹkan á ta á dé ìka, ó tún di "yéè!" ti ilé ìyá rẹ̀. Tíṣà ti kọ́ wọn ní orúkọ gbogbo odò ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n kò kọ́ wọn ní ohun tí èèyàn ń sọ bí ẹsẹ̀ bá kú.

Aago ti lù bá eegun lọ́rùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun yóò fa igi lé orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí. Bàbá rẹ̀ náà ti sọ tirẹ̀ sílẹ̀: "Bí o ò bá ṣe ìdánwò, Lomé yá. Tasi rẹ ń wá ẹni tí yóò máa bá a kiri ẹja yíyan." Tasi, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í rí inú kíláàsì mọ́. Àyà Akofa já. Nígbà tó yá, inú wá bí i.

"Ṣebí Mina ni wọn ò fẹ́?" ó sọ fún Mensan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń lọ sílé létí ọ̀sà. "Ó dáa. Mi ò ní sọ Mina. Mi ò sì ní panu mọ́. Láti òní lọ, bí ẹsẹ̀ mi bá kú, jìnrínjìn ló ń jẹ́."

"Èdè wo nìyẹn?"

"Èdè ẹsẹ̀ mi ni. Ṣé o fẹ́ bá a jà ni?"

Mensan rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Ìgbọ̀nwọ́ tó bá gbá tábìlì ńkọ́?"

"Pẹ́ńkẹ́."

"Sísín tó dé ẹnu imú, tó tún padà sílé?"

"Hùnfí! Ikùn tó bá ń kùn nígbà tí gbogbo ibi bá pa rọ́rọ́, gbùrúgbù ni."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ran gbogbo kíláàsì. Pẹ́ńkẹ́ níhìn-ín, jìnrínjìn lọ́hùn-ún. Eegun wà lọ́rùn Dédé, ọmọ kíláàsì wọn kan, kò sì rí ẹni gbé e fún. Tíṣà dẹtí títí, kò gbọ́ Mina, kò gbọ́ Faransé, ẹ̀rín nìkan ló ń gbọ́.

"Èdè wo lẹ̀ ń sọ?" Tíṣà jágbe. Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Àfi ikùn ọmọ kan tó ń kùn. "Gbùrúgbù," ẹnì kan sọ lábẹ́lẹ̀, ni ẹ̀rín bá bú. "Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?" Tíṣà bi wọ́n.

Mensan fa Akofa láṣọ pé kó jókòó. Akofa dìde.

"Èmi ni, sà."

"Mina ni?"

"Rárá, sà. Ẹ bi gbogbo ará Aného. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí."

"Ṣé Faransé ni?"

"Faransé ò tíì mọ̀ ọ́n, sà."

"Ṣé ojú òmùgọ̀ lo fi ń wò mí ni?" Ó já eegun gbà lọ́rùn Dédé, ó gbé e kọ́ Akofa. "Ohun tí kì í bá ti ṣe Faransé, eegun ni! Òfin ò mojú ẹnì kan. Bí bàbá tó bí mi bá wọlé wá síbí, yóò gbé e kọ́rùn! Aago ti fẹ́ lù. Dárúkọ ọmọ kan tó sọ Mina lónìí kí n gbé e fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ti pàdánù ìdánwò."

Mensan ti fi Mina yá bírò lọ́wọ́ Akofa láàárọ̀. Ó mọ̀, Akofa náà mọ̀. Ọmọkùnrin náà sorí kọ́, ó ń retí orúkọ ara rẹ̀.

Omi lé ròrò sójú Akofa. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà. Bí mo bá tiẹ̀ gbọ́, mi ò ní sọ."

Tíṣà fi ìbínú yípo, ó ń lọ síbi tábìlì rẹ̀ láti lọ fa igi lé orúkọ ọmọ. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kéré jù, tó yọ síta nínú sálúbàtà, ló fi gbá ẹsẹ̀ tábìlì, gbàù!

"Yéè! Ìyá mi, mo kú o!"

Mina ni. Mina gidi, ti àgbàlá ilé ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Akofa kúrò láyè rẹ̀. Ó bọ́ eegun, ó rìn dé iwájú, ó sì fi í kọ́ ọrùn Tíṣà níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí.

"Mo gbọ́ Mina lẹ́nu yín, sà. Ẹ ní òfin ò mojú ẹnì kan."

Ọkùnrin náà nàró, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ gbá a létí. Akofa ò yẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Mensan dìde, Dédé dìde, gbogbo kíláàsì dìde. Aago lù níta. Ìwé tí orúkọ Akofa wà nínú rẹ̀ wà lórí tábìlì níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Tíṣà rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó di eegun náà mú láyà ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ó mà ń rùn o," ó sọ. Mina ló fi sọ ọ́.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń rùn, Tíṣà," Akofa dá a lóhùn, Mina lòun náà fi sọ ọ́.