Gíláàsì Kejì

Ọmọ alápatà fi ojú ọ̀tún lé ẹnu máíkírósíkópù, ó di tòsì pa bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó ń ṣe ìdánwò ìṣègùn yìí. Bó bá tún fìdí rẹmi lónìí, ìsọ̀ ẹran ló ń padà sí. Bàbá rẹ̀ ti ra épírọ̀n tuntun sílẹ̀, ó sì ti ní kí aránṣọ kọ "Dókítà Ẹran" sí i láyà.

Gíláàsì pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, ègé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ti pa láró sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó ṣáà sọ ibi tí wọ́n ti gé e: itan, ìfun tàbí ọkàn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Itan, ìfun, ọkàn. Mo rí i lórí ìwé olùkọ́. Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú."

Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Okùn gbọọrọ gbọọrọ, ìlà wẹ́wẹ́ dábùú wọn bí aṣọ ẹlẹ́wọ̀n, kókó dúdú sì pọ̀ létí wọn bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé, tó ń rá pálá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Itan ni, sà."

Olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Wò-Ó-Dáadáa fi bírò fa nǹkan. "Ìkejì ńkọ́?"

Ó ti lanu láti sọ pé ìfun. Ó wò ó. Ìlà wà níbẹ̀. Ìfun kì í nílà; kí ni ìfun jí tí yóò fi wọṣọ ẹlẹ́wọ̀n? Sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ a máa ṣe ṣóńṣó lókè, ṣóńṣó nísàlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí pẹ̀ka, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, bí ọ̀kan bá fà, gbogbo ilé á fà.

"Ọkàn ni, sà."

Bírò dúró. "Ìwé ọwọ́ mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́rìnlá tó ṣáájú ẹ náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Wò ó dáadáa."

Épírọ̀n yẹn fì kọjá níwájú ojú rẹ̀. Ó tún wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ọkàn ni, sà. Bí mo bá tà á fún oníbàárà ní ìfun, á fún bàbá mi lọ́rùn."

"Ṣé mo bi ẹ́ léèrè oníbàárà?"

"Rárá, sà. Ẹran lẹ bi mí."

Olùkọ́ tẹjú mọ́ ọn. Ẹnu ẹ̀rọ náà ti fi òrùka pupa yí ojú ọ̀tún ọmọ náà ká. Kò rí irú òrùka bẹ́ẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni látàárọ̀.

Ó bọ́ awò ojú tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì wò. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó nàró, òrùka ti wà lójú òun náà.

"Ẹ̀kẹta," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ìfun, sà."

Ó fa ìlà pa nǹkan méjì rẹ́ lórí ìwé, ó wá ṣílẹ̀kùn. "Gbogbo ẹ̀yin mẹ́rìnlá, ẹ padà wá jókòó."

Ọmọ alápatà gba àárín wọn jáde, ó ń fọwọ́ pa òrùka ojú rẹ̀. Lábẹ́ aṣọ rẹ̀, níbi àyà, gbogbo ilé ń fà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó ń sọ ìdáhùn fún un létí.