Ojú-Ìwé Ìbítóyè Kò Tíì Wọṣọ

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní gùn. Mo fi ọdún márùndínlógójì tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba búra: kò ní gùn ju mẹ́mò kan lọ. Kò kúkú sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá yìí ní Osi, èmi àti ògiri mẹ́rin, àti kọ̀ǹpútà tí ọmọ mi gbé wá láti Ìlọrin, tó tẹjú mọ́ mi bí ọ̀dítọ̀ tó wá yẹ ìwé wò, tó sì ti mọ ibi tí òun ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi wọṣọ?

Mo tún tẹ bọ́tìnnì. Ojú-ìwé náà ń bọ̀... ó ń bọ̀... ó dé. Ìhòhò náà ni. Lẹ́tà dúdú lórí funfun, gbogbo wọn fara ti apá òsì bí aláìsàn tó tò síwájú dókítà. Fọ́tò Ìbítóyè wà lókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tóbi ju ojú kọ̀ǹpútà lọ, etí rẹ̀ kan ti bọ́ síta.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́rin ni Ìbítóyè ní òun ń bọ̀ wá wo ojú-ìwé òun. Ìbítóyè kì í pẹ́ dé ibi kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lé e lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá, òun ló kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì.

N kò bínú. N kò bẹ̀rù. Kò sí ohun tó ń ṣe mí — àbí kí ni wọ́n ń pe ti ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tí kò fi mọ̀ pé tòun ni mọ́? Ìyẹn ló ń ṣe mí. Kì í dunni. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Ó yá, látìbẹ̀rẹ̀. Bí Moróhunfọ́lá ọmọ mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ní kó bá àwọn ṣe ojú-ìwé ìlú, kí àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun lè máa rí ilé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi ló wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun tẹ ọ̀rọ̀ sí i, torí pé láti ọdún mẹ́ta tí mo ti fẹ̀yìn tì, ewúrẹ́ nìkan ni mò ń ṣọ́.

"Bàbá, ẹ fọkàn sí i o. PHP yìí, èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń to ojú-ìwé, egungun ni. Mo ti to egungun sílẹ̀ fún yín."

"Mo gbọ́. Ẹran ńkọ́?"

"Ẹran ni ọ̀rọ̀ tí ẹ máa tẹ̀. Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o, Bàbá. Àdàkọ mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan fún ìtàn ìlú, ọ̀kan fún ìkéde, ọ̀kan fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ẹ rántí fọ́ọ̀mù tí ẹ máa ń kún ní káńsù? Bẹ́ẹ̀ ni àdàkọ rí. Ẹ̀ẹ̀kan la ṣe é, igba èèyàn á gbabẹ̀ kọjá."

"Aṣọ wọn dà?"

"Aṣọ kò sí nínú àdàkọ. Fáìlì aṣọ wà lọ́tọ̀. Àwọ̀, ìtóbi lẹ́tà, bí fọ́tò ṣe máa fẹ̀ tó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Lórí àdàkọ kọ̀ọ̀kan, ìlà kan péré la máa kọ, tó ń sọ pé: aṣọ mi wà níbáyìí, ẹ lọ mú un wá."

"Ìlà kan?"

"Ìlà kan, Bàbá. Bí kò bá sí ìlà yẹn, aṣọ lè wà nínú àpótí títí ayé, ojú-ìwé kò ní mọ̀. Mo ti kọ ti méjì. Ẹ̀yin ni ẹ máa kọ ti ìkẹta, kí n mọ̀ pé ẹ gbọ́ mi."

Mo gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́. Mo rántí pé mo kọ ọ́.

Fáìlì aṣọ ńkọ́? Ó wà. Ìgbà keje nìyí tí mo ń wò ó. Orúkọ rẹ̀ pé, mo ti kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, style.css, kò sí èyí tó sálọ. Ìtàn ìlú wọ búlúù, ó dúró gbọnrangandan bí olùkọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìkéde náà wọ̀ ọ́. Aṣọ kan náà. Lánàá mo yí búlúù sí pupa, kí n fojú ara mi rí i. Ojú-ìwé mọ́kànlá pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yára dá a padà. Irú agbára yẹn kò yẹ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló wà níhòhò. Àwa mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Tèmi kò dùn mí. Ìjọba ti rí ìhòhò mi rí, lọ́dún 1961, wọ́n pè é ní àyẹ̀wò ara. Ṣùgbọ́n Ìbítóyè...

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ń kó wa sínú kọ̀ǹpútà. Ṣé wọ́n á rí mi dé Amẹ́ríkà?"

"Wọ́n á rí ọ."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gẹrun nígbà náà."

Ó gẹrun lóòótọ́. Ó gun ọ̀kadà lọ ya fọ́tò, ó mú un wá fún mi, ó jókòó sórí àga yẹn, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún. Ọwọ́ tó ti kọ ebè títí, ọwọ́ tó ti ń kọ ìwé gbígbà ẹrù àti ìwé fífúnni ní ẹrù ní sítọ́ọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n kọ bó ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ mi tó wà l'Ékòó á kà á. Àkọ́bí mi kò bi mí rí pé, 'Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ jí i?' Kò bi mí rí. Ká ní ó bi mí ni, ì bá sàn."

Mo kọ ọ́. Gbólóhùn kan. *Ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1991.* Gbólóhùn tó mọ́ tónítóní. Ẹ gbọ̀n ọ́n wò, irọ́ kankan kò ní bọ́ sílẹ̀. N kì í parọ́. Gbogbo káńsù ló mọ̀ mí mọ́ ọn.

Káńsù náà... n kò ní dárúkọ rẹ̀; òun náà kì í dárúkọ mi mọ́. Èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì. Ìbítóyè ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Taipuráítà kan, tó wúwo bí àgbò, di àwátì nínú sítọ́ọ̀. Ìbítóyè ní ọ̀gá wa àgbà ló fọwọ́ sí ìwé pé kí òun fi yá ilé ẹ̀kọ́ kan tí àna ọ̀gá náà dá sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti kógbá wọlé, taipuráítà bá wọn kógbá. Ọ̀gá ní òun kò rántí ìwé kankan. Ọ̀gá ti di olóògbé báyìí — kí ilẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn... níwọ̀nba.

Ìwé náà dé ọwọ́ mi. Èmi ni mo fi sínú fáìlì. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni, nítorí náà mo fi sínú fáìlì Ilé Ẹ̀kọ́, n kò fi sínú fáìlì Sítọ́ọ̀. Ibi tó tọ́ gan-an ni mo fi sí. Ẹ lè gbé mi lọ sí kóòtù lórí ìyẹn, n ó jàre.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn olùwádìí dé, ọ̀gá pàdé mi lójú ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Ọlákìtán. Fáìlì tí wọ́n bá béèrè nìkan ni kí o gbé wá o."

"Mo gbọ́, sà."

"Ọdún mélòó ló kù kí o fẹ̀yìn tì?"

"Márùn-ún, sà."

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o lò ó pé."

Mo ṣe àmín. Kí ni èèyàn tún máa ṣe sí àdúrà?

Wọ́n béèrè fáìlì Sítọ́ọ̀. Mo gbé fáìlì Sítọ́ọ̀ wá. Wọ́n ní, ǹjẹ́ ìwé kankan wà níbí tó fi hàn pé wọ́n yá ẹnikẹ́ni ní taipuráítà? Mo tọ́ ìka lá. Mo ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, n kò kánjú. Ìbítóyè ń wo ọwọ́ mi.

"Kò sí nínú fáìlì yìí, sà."

Òtítọ́. Òtítọ́ pọ́nńbélé. Kò sí nínú fáìlì *yìí*. Fáìlì kejì wà lórí pẹpẹ kan náà, ìka méjì ló là wọ́n láàárín. Ìlà kan ni à bá kọ sí etí ewé: *Ẹ wo fáìlì Ilé Ẹ̀kọ́.* Irú ìlà bẹ́ẹ̀, mò ń kọ ọ́ ní ọgbọ̀n ìgbà lóòjọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n lé e tán, ó bá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Gbogbo wọn ló ro ẹjọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò parọ́ mọ́ mi."

Ọdọọdún ló ń gbé iṣu tuntun wá fún mi. Ọdún mẹ́jọ. Mò ń jẹ ẹ́. Ó ń dùn. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé irú iṣu bẹ́ẹ̀ máa ń há èèyàn lọ́nà ọ̀fun kò tíì jẹ ẹ́ rí.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo ti wo fáìlì aṣọ. Mo ti wo orúkọ rẹ̀. Mo ti pa kọ̀ǹpútà, mo ti tàn án. Kí ló kù tí n kò wò? Orí àdàkọ nìkan. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo rántí pé...

Ṣí i. Ṣí i kí o wò ó, bàbá arúgbó.

Mo ṣí i.

Ìlà kò sí. Àkọlé wà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láàárín wọn, òfo. N kò kọ ọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ mo rántí rẹ̀ o, mo rántí bí ìka mi ṣe tẹ̀ ẹ́, ì bá ṣe pé wọ́n ní kí n fi Bíbélì búra, ǹ bá búra.

Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Ìbítóyè wọ búlúù. Fọ́tò rẹ̀ súnkì, ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, etí rẹ̀ padà wálé. Ó rẹwà. Ó rí bí ẹni tó lo ọdún tirẹ̀ pé. Gbólóhùn mi wá dúró sábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, kò rí ibi sá pamọ́ sí mọ́: *Ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1991.*

Ìwé kẹtàdínlógún.

Kí nìyẹn? Ta ló sọ ọ́? Fáìlì Ilé Ẹ̀kọ́, ìwé kẹtàdínlógún. Yíǹkì búlúù, ìkọ̀wé ọ̀gá, ó tẹ̀ díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Mo máa ń gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí Moróhunfọ́lá. Ó ń bínú sí mi lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. N kò gbàgbé nọ́mbà yẹn. Ọdún mẹ́jọ, n kò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Kì í ṣe ọ̀gá. Ọ̀gá ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kò wá sójú oorun mi rí pé kí n má sọ. Kò sí ẹni tó dí mi lẹ́nu láti ìgbà yẹn wá. Èmi ni.

Mo gbé ohun tó ń ṣẹ́jú yẹn, èyí tó ń fi ibi tí a ó tẹ ọ̀rọ̀ sí hàn, lọ sẹ́yìn 1991. Ó ń ṣẹ́jú. Ó ń dúró. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀kadà kan dúró níta. Sálúbàtà ń bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ikọ́ Ìbítóyè nìyẹn — ó máa ń wúkọ́ kó tó kan ilẹ̀kùn ẹni, kí onílé lè rí aṣọ fà mọ́ra. Ọmọlúwàbí ni.

Ó tún wúkọ́.

Ẹ̀yin ògiri, wọ́n ní ẹ létí. Ohun tí ẹ gbọ́ lónìí, mo bẹ̀ yín, kó má ti ọ̀dọ̀ yín jáde. Ẹ má sọ fún un. Ẹnu mi ni kó ti gbọ́ ọ.